Àkùkọ Lábẹ́ Èéfín

Obìnrin ará Họ́láńdì kan tó ti kú láti ayébáyé ni wọ́n dáná sun ní ẹ̀yìnkùlé ilé kan nítòsí Upper Marlboro ní Maryland, Amẹ́ríkà, lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta kan tí ewé igi ń rẹ̀ dànù. Òun fúnra rẹ̀ kọ́, àwòrán rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí Aaron van Haarsloot ṣe ń pariwo sí àwọn ọlọ́pàá lórí fóònù, ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò rò pé èèyàn ẹlẹ́ran-ara ló ń jó lójú rẹ̀. Nígbà tí ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ Àrínọlá Ọládẹ̀jọ fi máa débẹ̀, iná ti kú. Àwo irin ńlá tí wọ́n máa ń yáná sí nínú ọgbà ti tutù, eérú sì kún inú rẹ̀.

Igun kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù nínú àwòrán náà. Ó ti já bọ́ sórí ewé tútù kí iná tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àrínọlá fi ẹ̀mú gbé e sókè. Wọ́n kun asà kékeré kan sí i, ẹja fàdákà mẹ́ta sì wà lójú asà náà, ọ̀kan lórí èkejì. Ìgò òróró ńlá kan dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo iná náà, ìdérí rẹ̀ wà ní ṣíṣí. Àrínọlá wo gbogbo rẹ̀ dáadáa, ó kó o sínú àpò ẹ̀rí, ó wá béèrè àwọn tó wà nílé.

Èèyàn mẹ́ta ni. Onílé ni Míìsì Cornelia van Haarsloot, ìyá àgbà tí kò lọ́kọ rí, tí ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán. Aaron ni ọmọ àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó ti dolóògbé, ó sì wọ bàtà olówó ńlá lórí koríko tó rin. Ẹnì kẹta ni Ẹniafẹ́, ọmọ Ìbàdàn tó ń tọ́jú ìyá àgbà náà, tó ń gbé yàrá kan nísàlẹ̀ ilé. Ó jókòó sórí àga ilé ìdáná, ó ká ọwọ́ méjèèjì mọ́ àyà, kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

Ìdílé kékeré kọ́ ni ìdílé van Haarsloot. Òwò ọkọ̀ ojú omi ni àwọn baba ńlá wọn fi kó ọrọ̀ jọ ní Họ́láńdì kí wọ́n tó wá dáko tábà ní Maryland. Ní gbogbo ìran, wọ́n a ní kí ayàwòrán ya tọkọtaya lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n a sì ní kó fi asà àmì ìdílé sí igun àwòrán, kí ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ orísun rẹ̀. Ògiri pálọ̀ wọn kún fún irú àwòrán bẹ́ẹ̀ láti òkè délẹ̀. Àwọn tó fi òógùn ojú wọn gbin tábà náà kò ní àwòrán kankan níbẹ̀, ìyẹn náà sì jẹ́ ìtàn. Ẹni tó jó lọ́jọ́ yìí ni Machteld, ìyàwó Pieter, ìyá gbogbo ìdílé náà.

Aaron kò jẹ́ kí ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ jókòó kó tó bẹ̀rẹ̀. Ó ní òun wá kí ẹ̀gbọ́n bàbá òun ni, òun rí èéfín ní ẹ̀yìnkùlé, òun sáré débẹ̀, òun sì bá Machteld nínú iná. Ìyá àgbà ń sùn lókè. Kò sí ẹlòmíràn nílé bí kò ṣe olùtọ́jú yìí.

"Òun ló sun ún," ni ó wí. "Ó kórìíra àwọn àwòrán yìí láti ọjọ́ tó ti dé. Ó gbà wọ́n bí òrìṣà, ó tiẹ̀ ń fi aṣọ bò wọ́n. Ó máa ń fi òróró pa ẹnu ọ̀nà káàkiri. Ẹ gbọ́ èyí, mo gbà á sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá."

Ó tẹ fóònù rẹ̀. Ohùn Ẹniafẹ́ jáde láti inú rẹ̀, ó ga, ó sì ti há díẹ̀: "Fire! Fire! Gbogbo ojú àjèjì tó ń ṣọ́ mi nínú ilé yìí, Holy Ghost fire!"

Ẹni tó bá ti dé ìjọ ìsọjí àwọn ọmọ Nàìjíríà rí mọ̀ pé kò sí ohun tí wọn kì í ránṣẹ́ iná sí níbẹ̀. Wọ́n a ránṣẹ́ iná sí àìrí-iṣẹ́-ṣe, wọ́n a rán an sí ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n a rán an sí ọ̀gá tí kò fẹ́ fún wọn ní ìgbéga. Bí gbogbo ẹni tó ń pe iná bá ń ṣáná sí nǹkan, òrùlé kan kì bá tí kù láti Greenbelt títí dé Oxon Hill. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti ń gbàdúrà jẹ́jẹ́ ni Aaron dàgbà sí, ọ̀rọ̀ tó gbọ́ ló sì dì mú.

Ọ̀gá Àrínọlá náà gbọ́ ohùn yẹn nígbà tí Àrínọlá fi ránṣẹ́ sí i. Ó pe Àrínọlá padà lójú ẹsẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ti hàn gbangba lójú òun. Ó tún rán an létí pé ọmọ Nàìjíríà ni Àrínọlá fúnra rẹ̀, ọmọ Nàìjíríà ni afurasí, pé ayé lè sọ pé ó bo ẹni tirẹ̀ mọ́lẹ̀. Tí kò bá rí ẹ̀rí mìíràn mú wá títí di ọjọ́ Ajé, òun á gbé ẹjọ́ náà fún agbẹjọ́rò ìjọba ní kóòtù Upper Marlboro. Àrínọlá ní ó dáa, ó sì gbé fóònù sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Ó ti pẹ́ tó ti ń bá wọn ṣiṣẹ́, kò sì tíì bo ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀ rí, yálà ẹni tirẹ̀ tàbí ẹni ẹlẹ́ni.

Ó wọ ilé ìdáná lọ bá Ẹniafẹ́. Yorùbá ni ó fi kí i. Aaron tó dúró lẹ́nu ọ̀nà yarí, ó ní kí wọ́n má sọ èdè tí òun kò gbọ́. Àrínọlá gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ sórí tábìlì, ó tẹ̀ ẹ́, ó ní ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ lè lọ wá ògbufọ̀. Ó wá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú.

"Mà, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín," ni Ẹniafẹ́ wí kó tó jókòó dáadáa, "ẹ má jẹ́ kí wọ́n charge mi. Oṣù tó ń bọ̀ ni interview green card mi. Tí ẹ̀sùn kankan bá ti wọ record mi, ó ti parí nìyẹn. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí, mi ò tíì fojú kan màmá mi."

"Dá mi lóhùn ohun tí mo bá bi ọ́. Ṣé ìwọ lò ń gbàdúrà nínú fóònù yẹn?"

"Èmi ni mà."

"Ṣé lóòótọ́ lo fi aṣọ bo àwòrán?"

"Èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi nìkan ni mà. Ojú bàbá yẹn ń tẹ̀lé èèyàn. Tí mo bá ń lọ sí bathroom, á máa wò mí. Tí mo bá ń bọ̀, á ṣì máa wò mí. Àmọ́ mi ò sun ẹnikẹ́ni o. Àdúrà ni mo gbà, mi ò gba àdúrà kí n tún wá máa ṣáná sí i."

Àrínọlá rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó tètè pa á mọ́. Ó gbé ìgò òróró ńlá náà jáde, ó bi í bóyá tirẹ̀ ni. Ẹniafẹ́ ní òróró tí òun fi ń din dòdò ni, pé ẹ̀gbẹ́ sítóòfù ló máa ń wà. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ béèrè èyí tó fi ń gbàdúrà. Ẹniafẹ́ tú àpamọ́wọ́ rẹ̀, ó mú ìgò kékeré kan jáde tí wọ́n fi áńkáṣíìfù funfun wé. Pásítọ̀ ló gbàdúrà sí i fún un. Kò jẹ́ gbé e kalẹ̀ níbi tí èèyàn ti lè fẹsẹ̀ gbá a.

Ó ní nígbà tí iná náà ń jó, òun wà nísàlẹ̀ níbi tí òun ti ń fọ aṣọ ìyá àgbà, àwọn ẹ̀rọ ìfọṣọ sì ń pariwo. Kò sí ẹni tó rí òun níbẹ̀. Ó sọ èyí bí ẹni tó mọ̀ pé kò tó.

"Màmá mi máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a," ni ó fi kún un, omi sì ti dúró lójú rẹ̀.

"Mi ò ní ogún ọdún, Ẹniafẹ́. Ọjọ́ Ajé ni mo ní. Kí lo mọ̀ nípa àwòrán tó jó yìí?"

Ẹniafẹ́ ronú. Ó ní nígbà tí òun dé ilé yìí, dúdú ni gbogbo igun ìsàlẹ̀ àwòrán náà, nítorí pé òkè ibi ìdáná pálọ̀ ló wà, èéfín ti bò ó láti ọjọ́ pípẹ́. Lọ́dún tó kọjá, Aaron gbé e lọ kí wọ́n bá wọn fọ̀ ọ́. Nígbà tó gbé e padà dé, ó ń dán. Ìyá àgbà ní kí Ẹniafẹ́ mú òun lọ síwájú rẹ̀.

"Wọ́n wá bi mí pé, 'Ṣé àkùkọ náà ti yọ?' Mo ní mà, mi ò rí àkùkọ kankan o, ẹja ni mo rí. Wọ́n pòṣé. Wọ́n ní àwòrán ọkọ ni mò ń wò, pé kí n wo ti ìyàwó. Ti ìyàwó yẹn gan-an ni mò ń wò, mà. Mo kàn sọ lọ́kàn mi pé ọjọ́ ogbó ni."

Bírò Àrínọlá dúró lórí ìwé. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹniafẹ́, ó ní kó lọ wẹjú, kó wá nǹkan jẹ.

Ó lọ dúró ní pálọ̀ níwájú ògiri. Àyè Machteld ṣófo lókè ibi ìdáná, férémù rẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Pieter ọkọ rẹ̀ sì ń wo férémù òfìfo náà bí ọkùnrin tí wọ́n jí ìyàwó rẹ̀ gbé. Ẹja mẹ́ta wà ní igun tirẹ̀. Àrínọlá rìn lọ láti orí tọkọtaya kan dé orí èkejì. Ó pẹ́ níwájú àwọn ìyàwó ju bó ṣe pẹ́ níwájú àwọn ọkọ lọ. Aaron wá bi í pé kí ló ń wá.

"Mò ń kí àwọn ìyàwó ilé ni," ni Àrínọlá dá a lóhùn. Aaron rò pé ó ń ṣe yẹ̀yẹ́.

Àrínọlá bi í ẹni tó bá wọn fọ àwòrán náà. Aaron ní ọkùnrin kan ní Oxon Hill ni, pé nọ́ńbà rẹ̀ kò lọ mọ́, ṣùgbọ́n ó ka orúkọ òpópónà rẹ̀ àti nọ́ńbà ilé jáde lẹ́ẹ̀kan náà láìronú. Àrínọlá kọ ọ́ sílẹ̀. Ó tún bi í bóyá àwòrán náà kúrò lára ògiri lẹ́yìn ìyẹn. Ó ní rárá o, kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án títí di òní.

Nígbà tó yá, Míìsì Cornelia jí. Wọ́n gbé e jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé níbi tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti ń kan ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ti sọ fún un pé Machteld ti jó, ó sì ti sunkún tán. Ojú ló ń dùn ún, ọpọlọ rẹ̀ pé. Ó ní òun ti pinnu pé gbogbo àwòrán náà ni òun máa fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan, kí gbogbo èèyàn lè máa wò wọ́n. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Zoe, tó mọ̀ nípa ọ̀dà àtijọ́, ló ń bọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun láti yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Aaron bínú nígbà tó kọ́kọ́ gbọ́. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́.

Àrínọlá bi í bó ṣe mọ àwọn àwòrán náà tó báyìí láìríran. Ìyá àgbà ní bàbá òun ló fi kọ́ àwọn. Bí ilẹ̀ bá ti fẹ́ ṣú tí oúnjẹ alẹ́ kò tíì délẹ̀, á kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ síwájú ògiri, wọ́n á fọwọ́ kan férémù kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sọ ẹni tó jẹ́ àti ọmọ ẹni tó jẹ́. Ẹni tó bá ṣì í kò ní jẹun. Ó na ọwọ́ rẹ̀ sí òfìfo, ó ń kà á bí ọmọdé: Machteld, ọmọ alákùkọ pupa, tó gbé àkùkọ bàbá rẹ̀ wọ ilé ẹlẹ́ja.

"Àbúrò mi kò kọ́ Aaron," ni ó wí. "Ó ní ayé ti yí padà. Èmi náà ò ní ọmọ tí mo lè kọ́."

"Pátákó dúdú wo ló wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, Míìsì Cornelia?"

"Pátákó ọ̀fọ̀ ni. Nílẹ̀ wa láyé àtijọ́, bí ẹni pàtàkì bá kú, wọ́n á kun irú rẹ̀, wọ́n á gbé e kọ́ sí iwájú ilé, á sì tẹ̀ lé òkú lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ti Joost nìyẹn, ọmọ Machteld. Kò sí ẹni tó ń wò ó mọ́. Aaron ní ó ń ba ojú ilé jẹ́."

Àrínọlá lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí pátákó náà, ó fi áńkáṣíìfù nu eruku ojú rẹ̀. Asà méjì ló wà lórí rẹ̀, bíi ti ọmọ tó ní bàbá tó sì ní ìyá. Ó ya fọ́tò wọn. Nígbà tó máa fi jáde sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó ti mọ ẹni tó ń wá. Ohun tó kù ni bó ṣe máa mú un.

Lọ́jọ́ Àìkú, ó wakọ̀ lọ sí àdírẹ́sì tí Aaron fún un ní Oxon Hill. Òpùrọ́ tó bá ń kánjú kì í dá àdírẹ́sì sílẹ̀, èyí tó mọ̀ ló máa ń mú lò. Kò sí ẹni tó ń fọ àwòrán níbẹ̀. Ilé tí wọ́n ti ń háyà yàrá ìkẹ́rùsí ni, ilẹ̀kùn irin lọ súà. Alákòóso ibẹ̀ wo fọ́tò Aaron lórí fóònù Àrínọlá, ó ní òun mọ̀ ọ́n, oníbàárà àwọn ni. Àrínọlá fẹ́ràn kí nǹkan rọrùn báyìí, ṣùgbọ́n kò fò sókè. Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ó gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ adájọ́ ní Upper Marlboro, ó rán àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Oxon Hill, òun sì gba ilé van Haarsloot lọ.

Ó bẹ Zoe kó má dúró di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Gbogbo wọn jókòó sí pálọ̀: Míìsì Cornelia nínú àga rẹ̀, Ẹniafẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, Zoe lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Aaron dúró níwájú ibi ìdáná. Ọ̀gá Àrínọlá náà wá, ó jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó di apá mọ́ra. Ìwé tí yóò fi gbé Ẹniafẹ́ fún agbẹjọ́rò ìjọba wà nínú àpò rẹ̀. Ẹniafẹ́ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Àrínọlá gbé igun àwòrán tí iná kò jó sórí tábìlì.

"Ọ̀gbẹ́ni Aaron, kí nìyí?"

"Ohun tó ṣẹ́kù lára Machteld ni. Mo ti sọ fún yín."

"Ta ló gbé e lọ fọ̀?"

"Èmi."

"Ta ló gbé e padà?"

"Èmi náà ni. Kò sì kúrò lára ògiri mọ́ títí tí obìnrin yìí fi sun ún."

"Ẹja mẹ́ta yìí ńkọ́?"

"Fífọ̀ ló mú un jáde lábẹ́ èéfín. Àmì ìdílé wa ni. Machteld van Haarsloot ló ń jẹ́, àmì van Haarsloot ló máa wà lára àwòrán rẹ̀. Ìyàwó wa ni."

"Ìyàwó yín ni lóòótọ́," ni Àrínọlá wí. "Ọmọ ta ni?"

Aaron wò ó. Ìbéèrè náà kò yé e. Lórí àga rẹ̀, ìyá àgbà gbé orí sókè.

"Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ara mi," ni Àrínọlá wí. "Orúkọ tó wà láyà mi yìí, Ọládẹ̀jọ, orúkọ ọkọ mi ni. Òun ló wà lórí ìwé ọkọ̀ mi, òun ló wà lórí ìwé owó oṣù mi. Ọmọ Ọ̀fà ni ọkọ mi. Ṣùgbọ́n bí ìyá ọkọ mi bá fẹ́ kí mi láàárọ̀, kì í kì mí ní ọmọ Ọlọ́fà. Ọmọ Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí ló ń pè mí, ọmọ ẹni tí kì í gbọfà lẹ́yìn, nítorí pé ilé bàbá mi nìyẹn. Orúkọ ọkọ lè hù lé mi lórí, oríkì bàbá mi kì í kúrò lára mi. Àwọn ọmọ mi ló ní méjèèjì. Bí ẹnì kan bá dé agboolé wa tó ń kì mí ní oríkì ọkọ mi, gbogbo èèyàn á mọ̀ pé àlejò ni."

Ó tọ́ka sí ògiri.

"Mo kí àwọn ìyàwó ilé yìí lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ẹja mẹ́ta ni gbogbo ọkọ ní. Kò sí ìyàwó kan tó ní ẹja. Ọ̀kan ní ilé ìṣọ́, ọ̀kan ní ìdákọ̀ró, ọ̀kan ní ìtí ọkà. Àmì ilé bàbá wọn ni wọ́n gbé wá. Ìyàwó kan ṣoṣo tó gbé àmì ọkọ rẹ̀ rù ni Machteld, lẹ́yìn tí ẹ ti gbé e lọ fọ̀. Ẹni tó kun èyí tó jó yìí, àlejò ni. Ayédèrú ni ẹ gbé padà wá kọ́ sára ògiri."

"Bóyá ayàwòrán àtijọ́ ló ṣàṣìṣe," ni Aaron wí. Ohùn rẹ̀ ti fẹ́lẹ́.

"Èmi náà rò ó bẹ́ẹ̀. Mo wá lọ bi ọmọ rẹ̀."

Àrínọlá jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé pátákó dúdú náà wọlé, ó gbé e dúró lórí àga kí oòrùn lè kàn án. Orúkọ Joost wà nísàlẹ̀. Ẹja bàbá rẹ̀ wà ní apá ọ̀tún. Ní apá òsì, àkùkọ pupa kan fi ẹsẹ̀ kan dúró.

"Kò jó," ni Míìsì Cornelia wí jẹ́jẹ́. "Machteld kò jó."

Àrínọlá kò dúró. Ó ní igun àwòrán gidi dúdú lójú fọ́tò tí Aaron fún ẹni tó bá a ṣe ayédèrú, ẹni náà kò lè rí ohun tó wà níbẹ̀, ó sì béèrè. Aaron sọ ẹja fún un, nítorí pé níbi tó ti dàgbà, ìyàwó tó bá ti gba orúkọ ti di ti ọkọ pátápátá. Nígbà tó wá gbọ́ pé Zoe ń bọ̀, ó mọ̀ pé Zoe kò ní pẹ́ rí i pé ọ̀dà tuntun ni. Ayédèrú náà gbọ́dọ̀ lọ kó tó dé, ẹlòmíràn sì gbọ́dọ̀ ru ẹ̀bi rẹ̀. Obìnrin kan wà nísàlẹ̀ ilé tó ń pe iná nínú àdúrà, tí kò ní ẹni tó máa gbèjà rẹ̀, tó ń bẹ̀rù ìwé ìgbélùú rẹ̀.

"Ẹ gbọ́ pé òróró ló fi ń gbàdúrà, ẹ sì lọ gbé èyí tó fi ń din dòdò sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná," ni ó wí. "Ọ̀gbẹ́ni Aaron, kò sí onígbàgbọ́ kan ní Nàìjíríà tó máa fi òróró dòdò bá Sátánì jà."

Ẹniafẹ́ fi ọwọ́ bo ẹnu. Fóònù Àrínọlá dún. Ó gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, ó ní kí wọ́n gbé e wá, kí wọ́n rọra, kí wọ́n má fọwọ́ kan ojú rẹ̀. Ó wo Aaron.

"Wọ́n ti ṣí yàrá ìkẹ́rùsí yín ní Oxon Hill, Machteld wà níbẹ̀."

Aaron jókòó sí etí ibi ìdáná nínú eruku. "Mi ò tíì tà á," ni ó wí. "Mò ń wá ẹni tó máa rà á ni. Èmi nìkan ló kù nínú ìdílé yìí, ẹ sì fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ fún àwọn àlejò. Kí ló wá kù fún mi?"

"Ìtàn ògiri yìí ni mo fẹ́ fi sílẹ̀ fún ọ," ni ìyá àgbà wí. "Gbogbo ìgbà tí o bá wá kí mi ni mo ń ní kó o wá fọwọ́ kan wọn pẹ̀lú mi, o ní o ń kánjú. O ò bá ti mọ àkùkọ náà."

Omi bọ́ lójú Aaron nígbà tí wọ́n ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́. Ọ̀gá Àrínọlá fa ìwé inú àpò rẹ̀ yọ, ó ya á sí méjì, ó tún un ya, ó ní òun jẹ Àrínọlá ní ẹ̀bẹ̀. Àrínọlá ní kó kọ́kọ́ lọ bẹ ẹni tó fẹ́ kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé náà. Ọkùnrin náà ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì ṣe é dáadáa. Nígbà tó kúrò níwájú rẹ̀, Ẹniafẹ́ kúnlẹ̀ fún Àrínọlá lórí ilẹ̀ pálọ̀ lójú gbogbo wọn.

"Interview mi, mà?"

"Dìde. Lọ múra sílẹ̀ fún un."

Nígbà tí òtútù ti ń lọ, tí igi tún ń yọ ewé, Ẹniafẹ́ ti Míìsì Cornelia lórí kẹ̀kẹ́ wọ yàrá iṣẹ́ kan nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà. Káàdì rẹ̀ wà nínú àpamọ́wọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò òróró kékeré náà, ó sì ti ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ wo màmá rẹ̀. Àrínọlá náà wá, nítorí pé ìyá àgbà ránṣẹ́ sí i. Machteld gidi wà lórí tábìlì lábẹ́ iná, igun rẹ̀ ṣì dúdú. Zoe ń ki òwú bọ inú omi ìfọ̀dà kan, ó ń fi nu igun náà díẹ̀díẹ̀, òwú náà ń dúdú, ó ń sọ ọ́ nù, ó ń mú òmíràn.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Míìsì Cornelia na ọwọ́, ó wá ọwọ́ Ẹniafẹ́, ó dì í mú.

"Ẹniafẹ́, ṣé àkùkọ náà ti yọ?"

Ẹniafẹ́ tẹ̀ síwájú, ó wò ó dáadáa kó tó dáhùn.

"Ó ti yọ, Màmá. Ó pupa. Ẹsẹ̀ kan ló fi dúró."